Ní Ẹnu Ọ̀nà Ilé Akéde: Ilé-Ẹ̀kọ́ Wo ni Ó Yẹ Akọ̀ròyìn Ọ̀la?

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ Micra ní Ìwó Road, tí ó gba Ìdí-Apẹ́ kọjá, tí ó sì ń lọ sí ìhà Akóbọ̀, yóò gba Oríta Baṣọ̀run. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, yóò gbọ́ ohùn èrò láti ìjókòó ẹ̀yìn: "BCOS wà o!" Àlejò lè rò pé orúkọ àdúgbò kan ni. Ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, ọgbà rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Ilé Akéde. Oyè ńlá ni Baṣọ̀run láti Ọ̀yọ́ Ilé wá. Ní Ìbàdàn, Olúyọ̀lé jẹ ẹ́, Ògúnmọ́lá náà sì jẹ ẹ́, jagunjagun ni àwọn méjèèjì. Lónìí, ohùn tí ń jáde lórí afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi mọ Baṣọ̀run.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó yẹ kí ènìyàn dé ibẹ̀ bí ó bá fẹ́ rí adùn rẹ̀. Àwọn alákàrà ti da epo sí agbada, àwọn ẹlẹ́kọ ti gbé ìkòkò kaná, àwọn ọmọ iléèwé ń sáré kọjá pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Akóbọ̀ àti àwọn tí ń bọ̀ láti Aṣi sì ń du ojú ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Láàárín ariwo yìí, obìnrin kan tí ó wọ àǹkárá bí gbogbo wa yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, yóò béèrè àkàrà, kí ó sì tó san owó, alákàrà yóò ti rẹ́rìn-ín: "Ohùn yín nìyí! Ẹ̀yin ni ẹ máa ń ka ìròyìn!" Mo rò pé irú nǹkan báyìí ni ó ń mú kí àwọn ọmọbìnrin àdúgbò náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Wọ́n ti fi ojú ara wọn rí i pé ènìyàn bí ìyá wọn ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò.

Orúkọ náà, Ilé Akéde, dùn mọ́ mi. Kí ẹ̀rọ tó dé, akéde ni í lu agogo káàkiri ìlú, tí í sì jíṣẹ́ ọba fún tọmọdé tàgbà. Kò gbọdọ̀ fi kún iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò sì gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Nígbà tí Isaac Babalola Thomas dá ìwé ìròyìn Yorùbá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1928, Akede Eko ni ó sọ ọ́. Kí àkókò tirẹ̀ tó dé, Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Ìbàdàn náà kò gbẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ibẹ̀ náà sì ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ní Agodi, tí kò jìnnà sí Baṣọ̀run rárá. Ojú obìnrin ni àwọn ènìyàn sì kọ́kọ́ rí lórí tẹlifíṣọ̀n náà, ìyẹn Anike Agbaje-Williams.

Ṣùgbọ́n ìtàn nìkan kò lè yan ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nítòsí oríta náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kò mí lójú. Ó ti gbọ́ pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ nípa ìtọ́jú ilé ni mò ń kọ́ àwọn ènìyàn.

"Àǹtí Tíṣà," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ mi ní iṣẹ́ ìròyìn ni òun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ ní Èkó ni kí ó lọ, nítorí ibẹ̀ ni ó lórúkọ. Àbúrò mi ní kí á mú un lọ sí yunifásítì aládàáni, pé wọn kì í daṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ní tèmi, kí ó máa ti ilé lọ. Ọjọ́ tí wọn yóò ti fọ́ọ̀mù JAMB sì ti sún mọ́lé."

"Ẹ kú làálàá, Mà," ni mo dá a lóhùn. "Kí ni ọmọ fúnra rẹ̀ sọ?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní òun máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún àwọn oníbàárà ìyá òun bí wọ́n bá ń dúró de mọ́ínmọ́ín, àti pé bí òun bá ka ìròyìn tán, àwọn àgbà a máa bi òun ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé náà, tí òun yóò sì fẹ́ lọ wádìí ìdáhùn. Inú mi dùn sí èyí ju bí ó ti lè jẹ́ pé ohùn rẹ̀ dùn lọ. Ohùn dídùn wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí ìbéèrè kò bá yọ lẹ́nu kò lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìròyìn.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fojú kékeré wo fọ́ọ̀mù yìí. Yunifásítì tí ọmọ bá kọ sí ipò kìíní ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì tí èrò ń wọ́ lọ kì í ráyè wo ẹni tí ó fi wọ́n sí ipò kejì. A lè yí i padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń yí i padà. Nínú ilé tí mò ń wí yìí, àbúrò mẹ́ta ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn ọmọ náà. Owó ẹ̀kọ àti owó iṣẹ́ káfíńtà bàbá wọn ni gbogbo wọn yóò fi kàwé. Bí a bá ṣi ilé-ẹ̀kọ́ yàn fún ẹni àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ ẹni kejì ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń da àwọn òbí láàmú ni orúkọ ẹ̀kọ́ náà. Láti Baṣọ̀run, bí a bá gba Aṣi jáde sí Bódìjà, kò pẹ́ kí á tó dé ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó kọjú sí Agbowó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn ni yóò sọ fún yín pé wọn kì í kọ́ iṣẹ́ ìròyìn níbẹ̀, nítorí pé wọn kò rí orúkọ náà nínú ìwé. Wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Communication and Language Arts, lábẹ́ ẹ̀ka ńlá ti iṣẹ́ ọnà, ni ẹ óò ti rí i, wọ́n sì ń kọ́ ìròyìn kíkọ, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àti ìpolówó ọjà pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ìwé kíkà, tí lítírésọ̀ sì rọrùn fún, yóò gbádùn rẹ̀. Ní Yunifásítì Èkó, Mass Communication ni orúkọ tí ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1966 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nsukka ni ó ṣáájú gbogbo wọn ní orílẹ̀-èdè yìí: ní ọdún 1961 ni wọ́n ti ṣí Jackson College síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èrò Dókítà Nnamdi Azikiwe, wọ́n sì fi orúkọ ìdílé Jackson tí ó tẹ Lagos Weekly Record sọ ọ́.

Ní àìpẹ́ yìí, NUC, ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì, ti pín Mass Communication sí ọ̀nà méje. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn dá dúró, iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dá dúró, ìpolówó ọjà dá dúró, fíìmù náà dá dúró, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò-ẹ̀kọ́ tuntun tí ó bá èyí mu ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2023. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti pín in bẹ́ẹ̀, nítorí náà orúkọ kan náà lè má túmọ̀ sí ohun kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Ní tèmi, n kò rò pé ó yẹ kí á ti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún há sí ibi tóóró kan láti ọjọ́ kìíní. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ kí ó tọ́ gbogbo rẹ̀ wò fún ọdún kan tàbí méjì kí ó tó yan èyí tí yóò jókòó tì, ó dára jù lójú mi.

Ẹ bi wọ́n nípa ìfọwọ́sí pẹ̀lú. NUC lè ti fún yunifásítì ní àṣẹ láti ṣí ilẹ̀kùn, síbẹ̀ kí ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ má tíì gba ìfọwọ́sí. Ìfọwọ́sí pípé máa ń lo ọdún márùn-ún. Èyí tí ó jẹ́ ti onígbà díẹ̀ máa ń lo ọdún méjì, tí wọn yóò sì tún padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. NBTE ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ọmọ tí ó bá gba oyè nínú ẹ̀kọ́ tí kò ní ìfọwọ́sí kò ní lè lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu akọ̀wé tí ń ta fọ́ọ̀mù. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín.

Nígbà tí ìbéèrè yìí bá ti ní ìdáhùn, ọwọ́ ọmọ ni ó kù láti rò. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Mo lè dúró ní iwájú pátákó fún wákàtí mẹ́ta, kí n máa ṣàlàyé bí ìwúkàrà ṣe ń mú ìyẹ̀fun wú, kí gbogbo kíláàsì sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣìkọ. Bí n kò bá mú wọn wọ ilé ìdáná kí wọ́n po ìyẹ̀fun náà, kí ó le mọ́ wọn lọ́wọ́, kí ó jó lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jinná lẹ́ẹ̀kejì, n kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní búrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ ìròyìn rí. Ní Amẹ́ríkà, ní Yunifásítì Missouri, nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ ní ọdún 1908, ìwé ìròyìn gidi tí ará ìlú ń rà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ń kọ ọ́ lábẹ́ ojú olùkọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, wọ́n kò sì tíì fi ọ̀nà náà sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú ọmọ lọ wo ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ kí òdòdó ẹnu ọ̀nà àti ilé alájà mẹ́rin gba gbogbo ojú yín. Ẹ béèrè pé: ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dà? Èwo ni ó jáde gbẹ̀yìn? Ta ni ó kọ ọ́? Bí wọ́n bá mú èyí tí ó jáde ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wá, ẹ ti gba ìdáhùn. Ẹ béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní rédíò tirẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní Diamond FM. Yunifásítì Èkó ní Unilag FM. Ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sítúdíò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sítúdíò kan wà tí mo rí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, tí eruku ti bo gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó mú mi wọlé ní ìgbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò bá ń bọ̀ ni wọ́n máa ń nù ún. Sítúdíò bẹ́ẹ̀ dà bí àwo tánganran tí a tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún àlejò, tí àwọn ọmọ ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ẹ tún wo àwọn olùkọ́. Oyè ọ̀mọ̀wé dára, ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín wọn, ó yẹ kí á rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó ti jókòó ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn rí, tí ó mọ bí ara ṣe ń gbóná nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìròyìn aago méje bẹ̀rẹ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ yìí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kì í ṣe ẹni à ń gbójú fò. Pólì Ìbàdàn, ní ìhà Sángo, ní ẹ̀ka Mass Communication. Ọdún méjì ni a fi ń gba ND níbẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọ yóò lo ọdún kan gbáko ní ibi iṣẹ́, kí ó tó padà wá fi ọdún méjì gba HND. Ọdún kan yẹn ni mo ń gbóríyìn fún. NIJ tí ó wà ní Ògbà, ní Ìkẹjà, tí ó ti ń kọ́ àwọn akọ̀ròyìn láti ọdún 1971, ń fúnni ní ND àti HND pẹ̀lú, iṣẹ́ ìròyìn sì ni a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Lóòótọ́ ni àríyànjiyàn ti wà tipẹ́ lórí ipò HND lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyè yunifásítì, pàápàá nípa ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí èyí bá ń kọ lóminú lè fi ND tí ó dára wọ yunifásítì láti ọdún kejì. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan a máa bínú bí wọ́n bá gbọ́ "pólì". Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn.

Ibi tí Baṣọ̀run ti ní àǹfààní gan-an nìyí. Ọmọ tí ń gbé níbẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Ilé Akéde. Bí ó bá wọ ọkọ̀ kan tàbí méjì, yóò dé NTA ní Agodi, Radio Nigeria ní Dùgbẹ̀, Tribune ní Òkè-Àdó, Splash FM ní Fẹ́lẹ́lẹ̀, Fresh FM ní Challenge. Ní Mọ́níyà, Amúlùdùn FM ń fi èdè Yorùbá ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ti ilé lọ sí UI tàbí Pólì lè lo gbogbo ìsinmi rẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn láìsan owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Èkó ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn tí ó ju ti Ìbàdàn lọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n owó oṣù mẹ́ta tí ọmọ yóò fi ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìkẹjà, ta ni yóò bá a san owó yàrá àti owó ọkọ̀?

Èyí gbé wa dé orí owó, tí ó jẹ́ oko tèmi gan-an. Mo mú bébà kan lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ náà, èyí tí ó fi ń ṣe ìṣirò owó ẹ̀wà, a sì fa ìlà mẹ́ta sí i: Èkó, aládàáni, ilé. A kọ owó ilé-ẹ̀kọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni a kọ àwọn tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: owó ìgbàwọlé, ilé gbígbé, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ìwé, fóònù tí ó lè ya àwòrán tí ó mọ́lẹ̀, dátà, kọ̀ǹpútà ní ọdún kẹta, àti owó ìwé àṣekágbá. A sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà mẹ́rin nítorí ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ó rí ohun tí ó wà lábẹ́ Èkó, ó ní, "Háà! Oúnjẹ ni ó pọ̀ ju owó iléèwé lọ!" Òótọ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba oyè àkọ́kọ́, àwọn owó mìíràn ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ẹnu kì í gba ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ nípa ìdaṣẹ́sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ọmọ tí ó yẹ kí ó ṣe ọdún mẹ́rin lè ṣe márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aládàáni bíi Lead City, tí ó wà ní Ìbàdàn níbí tí ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìròyìn, kì í bá wọn dá sí irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lágbára rẹ̀ kò ṣe ohun tí ó burú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé owó ìyáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2024, tí wọ́n ń pè ní NELFUND, kò kan yunifásítì aládàáni. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Kò ní èlé. Wọ́n a máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi ₦20,000 lóṣù kún un fún ẹni tí ó bá béèrè owó oúnjẹ. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlú kí sísan rẹ̀ padà tó bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá náà.

Ó bi mí pé ṣé gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọmọ òun yóò máa kọ́. Ìbéèrè yìí dára púpọ̀. Rédíò wa ní Ìbàdàn kò lè dá dúró láìsí Yorùbá, ó sì ń dùn mí láti máa gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ atọ́kùn ètò tí wọn kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta láìfi gẹ̀ẹ́sì bù ú. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé tí ó kú ní ọdún 2017, jẹ́ ọ̀gá àgbà ní BCOS yìí kan náà ní àwọn ọdún 1980. Ìjìnlẹ̀ Yorùbá rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ láti dé òkè. Bí ọmọ yín bá ń ṣe WAEC, ẹ jẹ́ kí ó mú Yorùbá mọ́ lítírésọ̀. Bí ó bá sì wọ yunifásítì, kí ó lọ bi wọ́n bóyá ó lè mú kọ́ọ̀sì díẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá kún tirẹ̀.

Ìpinnu tí ilé náà ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni pé kí ọmọ fi Yunifásítì Ìbàdàn sí ipò kìíní, kí Yunifásítì Èkó wà ní ipò kejì láti tu bàbá nínú, kí Pólì Ìbàdàn sì wà ní àyè tí fọ́ọ̀mù fi sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Bàbá rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán. Ó ṣì gbà pé orúkọ Èkó ni ó tóbi jù.

Ọ̀kan nínú yín tí ń ka ìwé yìí lè máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ọmọ mi kọ́, èmi fúnra mi ńkọ́?" Ìyàwó kékeré kan tí ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́kọ náà, tí ó ní ọmọ méjì, ni ó rọra bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá náà wọlé lọ. Ó ní òun ní ìwé mẹ́wàá ní àkókò òun, kí òun tó wọ ilé ọkọ, òun sì ń gbọ́ ètò àwọn obìnrin lórí rédíò lójoojúmọ́ tí òun yóò máa rò pé, "Èmi ì bá bi í ní ìbéèrè mìíràn."

Mo sọ ìtàn Dókítà Dóyìn Abíọ́lá fún un, ẹni tí ó kú ní ọdún 2025. Ẹ̀kọ́ gẹ̀ẹ́sì àti eré orí ìtàgé ni ó kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì jáde ní ọdún 1969. Ìwé ìròyìn Daily Sketch, tí ó wà ní Ìbàdàn nígbà náà, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbi tí ó ti ń kọ ojú ewé tí ó pè ní Tiro. Lẹ́yìn tí ó ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ni ó lọ sí Amẹ́ríkà lọ gba oyè kejì nínú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbà tí ó ṣe, ó di olóòtú National Concord, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀nà tí ó gbà kò tọ́ bí ọfà, ó sì dé ibi tí ó ń lọ.

Fún obìnrin tí ó ní ọmọ ní ẹ̀yìn, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí kò ní kó o kúrò nílé. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó ẹ̀kọ́ àtòkèèrè, Communication and Language Arts sì wà lára àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Èkejì ni NOUN, yunifásítì àpapọ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí wọ́n tún ṣí ní ọdún 2002 lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti ì pa ní 1984. Ó ń kọ́ Mass Communication, kò béèrè ìdánwò àṣewọlé JAMB, ó sì ní ibùdó ní Ìbàdàn. Ìṣòro àwọn méjèèjì ni pé ọwọ́ ẹni ni a óò fi wá iṣẹ́ ọwọ́ fúnra ẹni. Kò sí ẹni tí yóò fà ọ́ wọ sítúdíò. Obìnrin tí ó wà ní Baṣọ̀run lè wá àyè fún ìdajì ọjọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ lókè, bí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, kí ọmọ kékeré sì wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ.

Ẹ bá bàbá àwọn ọmọ sọ ọ́ kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ètò òwúrọ̀ a máa fẹ́ kí atọ́kùn ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ìròyìn kò sì mọ ọjọ́ Àìkú yàtọ̀ sí ọjọ́ Ajé. Ta ni yóò wẹ̀ fún àwọn ọmọ ní àwọn òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin tí ó bá dáhùn ìbéèrè yìí láìbínú ti ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ju ẹni tí ó kàn san owó fọ́ọ̀mù lọ.

Ẹni tí ó bá ti ṣe tán láti lọ, kí ó mú ìwé WAEC tàbí NECO rẹ̀ dání, kredíìtì márùn-ún, kí gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Bí orúkọ ọkọ bá ti rọ́pò orúkọ bàbá lára rẹ̀, kí ó mú ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra kóòtù lọ́wọ́, nítorí orúkọ ilé bàbá ni ó wà lára ìwé-ẹ̀rí àtijọ́. Wọ́n lè ní kí ó tún mú ìwé ìròyìn tí ó ti kéde ìyípadà orúkọ náà wá. Kí ó gé ojú ewé náà tọ́jú, kí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta.